"Agbára òkùnkùn" kọ́ ni dark energy

Àwọn kan ní "agbára òkùnkùn" ni dark energy, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ohun tó ń mú àgbáńlá ayé yára fẹ̀ sí i, pé ẹ̀mí àìrí kan ló ń lé àwọn ìràwọ̀ sá. Irú àlàyé yìí ń bí èèyàn nínú, torí èdè wa ti tú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, àwa la gbàgbé. Bá a bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣókùnkùn sí wa, a ò sọ̀rọ̀ àjẹ́ tàbí oṣó. A ní a rí i pé ó wà, àmọ́ ìdí rẹ̀ ò yé wa. Ohun tí dark ń sọ níbí gan-an nìyẹn.

Ohun tá a rí rèé. Ní 1998, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ń wo irú ìràwọ̀ kan tó máa ń bú gbàù. Saul Perlmutter ló darí ọ̀kan, Brian Schmidt àti Adam Riess wà nínú èkejì. Àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà réré ṣe bàìbàì ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni pé wọ́n jìnnà ju ìṣirò lọ. Àgbáńlá ayé tá a rò pé òòfà (gravity) ń fa fífẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ń yára fẹ̀ sí i ni.

Kí ló fà á? Àlàyé kan ni pé àlàfo fúnra rẹ̀ ló ní agbára nínú. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Bí gígùn, ìbú àti gíga àpótí kan bá di ìlọ́po méjì, àyè inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, ohun tó wà níbẹ̀ á sì fọ́nká dé ìdá kan nínú mẹ́jọ bó ṣe ki tó. Agbára àlàfo kì í fọ́nká, torí àyè tuntun ń bá tirẹ̀ wá. Òòfà àwọn ohun yòókù ń dẹwọ́, tirẹ̀ dúró digbí, títí tó fi borí ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí mẹ́fà sẹ́yìn. Kí ló dé tó ń tì dípò kó máa fà? Nínú òfin Einstein, ká tó mọ òòfà nǹkan, a máa ń fi ìlọ́po mẹ́ta ìfúnpá rẹ̀ kún bó ṣe ki tó. Ní ti àlàfo, bí a bá pe bó ṣe ki tó ní 1, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ òdì 1: bá a bá yọ 3 nínú 1, òdì 2 ló kù. Òòfà ti di ìtì nìyẹn.

Àléébù àlàyé yìí kò kéré. Bá a bá fi físíìsì àwọn ohun tín-tìn-tín ṣírò agbára yìí, iye tó ń jáde lè fi ìlọ́po tí wọ́n ń kọ ní 1 àti òdo 120 ju èyí tá a rí lọ.

Àwọn kan ní agbára náà ń yí padà bọ́jọ́ ṣe ń lọ. Àbájáde DESI, iṣẹ́ ìwádìí tó ń ya àwòrán ibi tí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wà, ní 2024 àti 2025 fún wọn lágbára díẹ̀, kò tíì tó ẹ̀rí. Àwọn mìíràn ní òfin òòfà ló yẹ ká tún ṣe. Ẹ má sì da dark matter, ohun àìrí tá a mọ̀ nípa òòfà rẹ̀ nìkan, pọ̀ mọ́ ọn: ìyẹn ń fà ni, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó wà nínú àgbáńlá ayé, èyí tó ń tì jẹ́ nǹkan bí 68.

Ẹni tó bá fẹ́ tú u, kó kọ "agbára tó ṣókùnkùn sí wa".