Etí síìtì MX-5 tó ń bó: ẹ gbé ìdí kọjá, ẹ má wọ́ ọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní awọ síìtì dẹ́rẹ́bà Mazda MX-5 yín, ọkọ̀ kékeré onísíìtì méjì yẹn, ti ń bó létí ọ̀tún, níbi ilẹ̀kùn (ọ̀tún ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí ní Britain), tẹ́ ẹ sì ń wá ìpara tó máa dá a dúró. Ẹ fi owó ìpara yẹn pamọ́ ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa irú ọkọ̀ yìí ní London níbí, etí síìtì tèmi ṣì le gbagidi. Bí mo ṣe ń wọlé tí mo ń jáde ló fà á.

Ọkọ̀ náà ò ga ju bíi mítà 1.2 lọ, ìjókòó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ jáde, wọ́n á na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, wọ́n á fìdí gun etí síìtì tó yọ sókè yẹn, wọ́n á sì yí lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Fóòmù inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú. Tó bá ti kú, awọ orí rẹ̀ á dẹ̀, á máa ká jọ, ojú ibi tó ti ká jọ gan-an ni ọ̀dà á ti kọ́kọ́ là. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá tẹ ti òsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ẹ ó rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn mọ́.

Tí mo bá fẹ́ wọlé, màá kẹ̀yìn sí síìtì, màá di férémù gíláàsì iwájú mú, màá sọ ìdí kalẹ̀ sáàárín síìtì, kó kọjá etí rẹ̀ pátápátá, kí n tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Tí mo bá ń jáde, màá ti síìtì sẹ́yìn títí dópin, màá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì síta, màá fọwọ́ ọ̀tún ti irin ẹnu ọ̀nà, apá lá sì gbé mi. Ó lè jọ eré ọmọdé lójú aládùúgbò, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe tí ilẹ̀kùn ò bá ṣí tán. Àyè páàkì tó wọ́pọ̀ ní Britain ò ju mítà 2.4 lọ ní ìbú, ilẹ̀kùn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì sì gùn. Àyè ìparí ìlà ni mo máa ń wá, èyí tí ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Tó bá jẹ́ òsì ló ṣófo, màá fẹ̀yìn wọ ọ́, ọ̀tún mi á wá bọ́ síbi tó ṣófo. Kí n rìn jìnnà díẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ò dùn mí.

Ẹ yẹ aṣọ wò náà. Bọ́tìnnì irin kékeré tó wà létí àpò ẹ̀yìn jíìnsì ń ha awọ, kọ́kọ́rọ́ inú àpò náà ń ha á. Ìyàwó mi mọ̀ pé tí léèsì olókùúta bá fẹ́ lọ sí òde àríyá nínú ọkọ̀ yìí, ìborùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Agbádá kì í ha awọ ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn ló máa ń há a.

Ní ti ìpara, awọ ọkọ̀ òde òní ní ọ̀dà lójú, wọ́n sì tún fi nǹkan bíi rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, òróró kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìdọ̀tí ló ń họ ọ́. Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ àti ọṣẹ awọ tí kò le ti tó, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ.

Èyí tó ti bó ńkọ́? Ẹ tètè tún un kùn kí awọ tó ya. Ẹ má kùn ún sórí fóòmù tó ti kú o, yóò tún là ni. Kí ẹni tó ń rán síìtì kọ́kọ́ fi fóòmù kún un. Tó bá jẹ́ NC, ìran kẹta MX-5 tó jáde ní 2005, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e lẹ ní, ẹ sọ fún un pé airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti dáàbò boni tí ọkọ̀ bá forí gbárí) lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a ń fẹ̀yìn tì, kó yọ bátìrì kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Nítorí airbag yẹn náà, ẹ má ra ìbòrí síìtì tó ń bo ẹ̀gbẹ́.