Báwo ni Èkó ṣe jìnnà sí New York tó, wákàtí mélòó sì ni bàálù máa ń gbà?

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé JFK, ìyẹn pápákọ̀ òfurufú kan ní New York, ó tó bíi 8,400 kìlómítà bí a bá wọ̀n ọ́n ní tààrà. Bàálù tí kò dúró lọ́nà máa ń lo bíi wákàtí 11 sí 12 tó bá ń lọ, àmọ́ tó bá ń bọ̀, bíi wákàtí 10 àbọ̀ ni. Atẹ́gùn ló fà á. Lókè Òkun Àtìláńtíìkì, ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn líle ti sábà máa ń fẹ́ wá sí ìlà oòrùn: ó ń dí ẹni tó ń lọ lọ́wọ́, ó ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Aago ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ká ní ẹ gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Kejìlá, tí ẹ lo wákàtí 11 àbọ̀, aago 4 àbọ̀ ìdájí lẹ máa bá lọ́hùn-ún, torí wákàtí 6 ni Èkó fi ṣíwájú. Láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wákàtí 5 ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń yí aago, àwa kì í yí tiwa.

Tí ẹ bá gba London, ìrìn náà á tó 10,500 kìlómítà, ó kéré tán wákàtí 14 lójú òfurufú, ká má tíì ka ìdúró. Owó rẹ̀ lè dínkù o, àmọ́ tí ọmọ kékeré bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá èyí tó ń lọ tààrà.