Ṣé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé sá fún wàrà àti oògùn eegun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 67 ni ìyá mi. Nígbà tí àyà ń já wọn lemọ́lemọ́, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, dókítà ibẹ̀ sì sọ pé atrial fibrillation ni, pé ọkàn wọn kò lù déédéé. Diltiazem wà lára oògùn tí wọ́n fún wọn. Bí Màmá ṣe gbọ́ pé oògùn náà ń dí ọ̀nà kálísíọ̀mù ni wọ́n da kálísíọ̀mù tí wọ́n ń lò fún eegun nù; wọn kò mu wàrà mọ́, wọn kò sì jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun. Ṣé ohun tí wọ́n ṣe yìí tọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sídìí wàrà àti ẹja wọn. Òótọ́ ni pé kálísíọ̀mù wà nídìí àìsàn yìí, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú àwo kọ́. Ètò tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn fi ń tú kálísíọ̀mù sílẹ̀, tí ó sì fi ń kó o padà, ni ó dàrú.

Ọkàn kò lè lù láìsí kálísíọ̀mù. Ní ọdún 1883, ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan tí ó ń jẹ́ Sydney Ringer kíyè sí i pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n rì sínú omi iyọ̀ ń lù lọ bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìlú ni wọ́n fi pò ó, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò, kì í pẹ́ dákẹ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ọkàn tí ó ń sinmi kì í fẹ́ kí kálísíọ̀mù rìn gbéregbère nínú òun: èyí tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 ti ìta lọ. Bí iná ọkàn, ìyẹn iná mànàmáná tí ó ń pàṣẹ fún un láti lù, bá dé, ẹnu ọ̀nà kan á ṣí lára awọ sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ̀mù díẹ̀ á wọlé, díẹ̀ yìí ni yóò sì kan ilẹ̀kùn àká inú sẹ́ẹ̀lì, tí èyí tí ó pọ̀ yóò fi tú jáde, tí iṣan yóò fi sún kì. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kó púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sínú àká, kí iṣan lè dẹ̀.

Nínú yàrá òkè ọkàn ẹni tí ó ní àìsàn yìí, ilẹ̀kùn àká náà, tí à ń pè ní ryanodine receptor, kì í padé dáadáa mọ́, pàápàá nítorí pé èròjà kan tí ó ń jẹ́ CaMKII kì í yé tì í ṣí. Kálísíọ̀mù wá ń jò nígbà tí ó yẹ kí ọkàn máa sinmi. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Láti lé èyí tí ó jò jáde, sẹ́ẹ̀lì máa ń ta kálísíọ̀mù kan síta, á sì gba sódíọ̀mù mẹ́ta dípò rẹ̀. Kálísíọ̀mù kan ru iná ẹyọ méjì, sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ru ẹyọ kan. Ó ta méjì, ó gba mẹ́ta, ẹyọ kan lé sínú sẹ́ẹ̀lì. Bí irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì á ta iná nígbà tí kò tíì kàn án. Ní ọdún 1998, dókítà ọkàn Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ẹnu iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀pọ̀ irú iná àìtásìkò bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá ti wá bẹ̀rẹ̀, yàrá òkè lè máa gba iná ju ìgbà 350 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àpapọ̀ kálísíọ̀mù tí ó ń wọlé á wá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á sì dín ẹnu ọ̀nà ara awọ rẹ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là. Ọ̀nà àbáyọ yìí gan-an ni ó tún ń pa á lára, torí àkókò ìsinmi láàárín iná méjì á kúrú, iná yóò sì rí àyè máa yí po. Àwọn onímọ̀ ní Maastricht, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, rí i lára ewúrẹ́ ní ọdún 1995 pé bí wọ́n bá ṣe ń dá àìsàn náà sílẹ̀ sí i ni ó ń pẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba aláìsàn nímọ̀ràn pé kí ó máa wò ó níran.

Ní ti diltiazem, kì í dí ihò tí ó ń jò. Ẹnu ọ̀nà ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni ó ń dí, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ jù ní oríta tí iná ń gbà láti yàrá òkè lọ sí ti ìsàlẹ̀, kí yàrá ìsàlẹ̀ má baà máa sáré tẹ̀ lé ìdàrúdàpọ̀ òkè. (Amlodipine tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.) Wàrà kò lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́, nítorí pé àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin kan wà ní ọrùn tí ń ṣọ́ ìwọ̀n kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀.

Ti oògùn eegun ni ó gba ìṣọ́ra díẹ̀. Kí Màmá má dá a lò ju ìwọ̀n lọ, kí wọ́n jẹ́ kí a wọn kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí pé bí ó bá ga jù, ó lè dín agbára diltiazem kù. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n, n kò rí ìdí tí wọ́n fi ní láti dá a dúró ní ọjọ́ orí wọn, nígbà tí ìṣubú kékeré lè ṣẹ́ eegun. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ lé kúrò nílé ni àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, torí ọtí àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò káwọ́ wà lára ohun tí ó ń mú àìsàn yìí burú sí i.

Bí ẹ bá padà lọ, ẹ gbé gbogbo oògùn wọn dání, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: ṣé agbára fífún yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn wọn kò tíì dín kù, nítorí pé bí ó bá ti dín kù, diltiazem kò yẹ wọ́n, ṣé kò sí oògùn bíi bisoprolol pẹ̀lú rẹ̀, tí méjèèjì lè jùmọ̀ mú kí ọkàn falẹ̀ jù, àti ṣé wọ́n nílò oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ká mi lára jù, nítorí pé àìsàn yìí ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, diltiazem kò sì lè dènà ìyẹn.