Báwo ni àwọn Inca ṣe ń ta nọ́ńbà sára okùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe khipu, okùn oníkókó tí àwọn Inca ilẹ̀ Peru fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Báwo ni a ṣe ń ta 304? Ṣé ó jọ àrokò tiwa?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, Olùkọ́. Ẹ na okùn kan ní ìbú. Ìyá okùn nìyẹn. Ara rẹ̀ ni ẹ ó so àwọn òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́, kí wọ́n máa fì sísàlẹ̀.

Ẹ̀wá-ẹ̀wá ni àwọn Inca ń kà, kì í ṣe ogún-ogún bíi tiwa. Ẹ gbàgbé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rin. 3, 0, 4 ni kí ẹ rò. Lókè, nítòsí ìyá okùn, ẹ ta kókó lásán mẹ́ta tẹ̀léra: ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ààyè ẹ̀wá, ẹ má ta nǹkan kan síbẹ̀. Òfìfo yẹn gan-an ni òdo. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti ṣì í, torí bí ààyè náà bá fún jù, 304 á di 34. Ẹ jẹ́ kí ààyè ẹ̀wá bára mu lórí gbogbo òwú.

Nísàlẹ̀, mẹ́rin kì í ṣe kókó mẹ́rin o. Kókó kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ we òwú náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ẹ tó fà á le. Kókó gígùn yìí ló ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé nọ́ńbà ti parí. Ọ̀kan nìkan ló yàtọ̀: bí ẹ bá we òwú lẹ́ẹ̀kan péré, kókó lásán ló máa dà, kò sì ní yàtọ̀ sí ti òkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta á bí 8.

Leland Locke, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ìṣirò yìí ní 1912. Ó rí i pé lórí àwọn khipu kan, nọ́ńbà òwú kan jẹ́ àpapọ̀ ti àwọn òwú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn dán àwọn ọmọ wò.

Ní ti àrokò, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ló ń fi dárà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Lọ́wọ́ khipukamayuq, akọ̀wé okùn àwọn Inca, mẹ́fà kò ju mẹ́fà lọ.

Ẹ má ra okùn náílọ́ọ̀nù: ó ń yọ̀, kókó rẹ̀ á tú. Òwú àti irun ẹran ni àwọn Inca fúnra wọn lò.