Ṣánẹ́ẹ̀lì Méjì, Orúkọ Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa aládìrẹ l'Ábẹ́òkúta. A ní ṣánẹ́ẹ̀lì kan lórí fóònù tá a fi ń kéde ọjọ́ ìpàdé àti iye tí aró jẹ́. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ṣí òmíràn, ó fi orúkọ wa àti fọ́tò wa sí i, ó ní kí wọ́n san owó ọdún síbẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ti san kí n tó gbọ́. Ọmọ mi ní ká kó lọ sí Nostr. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní rárá, orúkọ ni ká lọ gbà lórí blockchain, pé kò sẹ́ni tó máa lè gbà á lọ́wọ́ wa. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?
*Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú*

ÈSÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá wa. Owó yẹn dun èmi náà.

Nostr jẹ́ ìlànà tí oríṣiríṣi áàpù jọ fi ń gbé ìkéde káàkiri, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Níbẹ̀, orúkọ kọ́ ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni áàpù máa ṣe fún yín. Ọ̀kan jẹ́ àṣírí, òun lẹ ó máa fi buwọ́ lu ìkéde. Èkejì jẹ́ ti gbangba, òun ni fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Ti gbangba yìí gan-an ni àdírẹ́sì yín. Olè lè kọ orúkọ yín gàdàgbà, kò lè buwọ́ lùwé bíi tiyín.

Àmọ́ àdírẹ́sì ọ̀hún gùn: npub1 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 63 lápapọ̀. Èmi tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú tèmi nìkan ni mo mọ̀ lórí.

Irú ìṣòro yìí ti wà kí Nostr tó dé, òun ló mú káwọn kan ṣe Namecoin, tó jẹ́ blockchain, ní 2011: orúkọ tó ṣeé pè, tí kò sí ọ́fíìsì tó ń pín in, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló jọ ń tọ́jú ìwé orúkọ náà. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni orúkọ, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá aládìrẹ ni. Ní 2015, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Princeton l'Amẹ́ríkà yẹ nǹkan bí 120,000 orúkọ wò níbẹ̀. 28 péré ni wọn ò kàn gbà sílẹ̀ de oníbàárà, tí nǹkan gidi sì wà lórí rẹ̀. Olè yín ì bá ti ṣáájú yín gba tiyín.

Ọgbọ́n ìyàwó ilé ni kí ẹ lò. Nígbà tẹ́ ẹ délé ọkọ, ṣé orúkọ àbísọ lẹ fi ń pe àwọn àbúrò ọkọ yín? Ẹ sọ ọ̀kan ní Adúmáadán, ẹ sọ èkejì ní Eyínfúnjowó, ẹ ò sì ṣì wọ́n pè rí. Ẹ wá áàpù tó gba kéèyàn fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórúkọ. Ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ gbangba yín sórí páálí, àwòrán onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí fóònù ń kà yẹn, kí kálukú yà á lọ́wọ́ yín nípàdé, kó sì sọ ọ́ lórúkọ tó wù ú. Ṣánẹ́ẹ̀lì olè kò ní ní orúkọ yẹn láé.

Ti àṣírí ńkọ́? Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo kọ tèmi àkọ́kọ́ sí. Ọdún yí, ìyàwó mi fi kàlẹ́ńdà bo ìwé ọmọ wa, ó sì gé ibi tí mo kọ ọ́ sí dànù. Kò sí ẹni tí mo lè pè kó bá mi ṣe òmíràn. Ṣánẹ́ẹ̀lì náà lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ tiyín sórí ìwé méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ìkejì wà lọ́wọ́ alága. Ẹ má kàn fi sínú fóònù ọmọ yín.