Báwo ni éfà, ómérì àti hómérì inú Bíbélì ṣe tó ní òṣùwọ̀n òde òní?

Ẹnì kan béèrè pé: "Rúùtù 2:17 sọ pé Rúùtù lu ọkà báálì tó pèéṣẹ́, ó sì tó éfà kan. Báwo ni éfà kan ṣe pọ̀ tó? Ṣé obìnrin kan lè dá a gbé délé?"

Ó lè gbé e dáadáa. Éfà kan tó nǹkan bíi lítà 22, kò kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a fi ń pọn omi. Bí ó bá jẹ́ ọkà báálì ló wà nínú rẹ̀, yóò wọn bíi kílò 13 tàbí 14. Àmọ́ ẹ má ṣe torí pé orí gbé e kí ẹ fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ohun tó já bọ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè ló rí i láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Bóásì tó ni oko náà ti pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìdì ọkà kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un, éfà yẹn sì fi hàn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Náómì, ìyá ọkọ Rúùtù, rí ẹrù náà, lójú ẹsẹ̀ ló béèrè pé níbo ni Rúùtù ti pèéṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àgbà obìnrin mọ ohun tí ìpèéṣẹ́ ọjọ́ kan máa ń jẹ́.

Ibo la ti rí lítà 22? Ìsíkíẹ́lì 45:11 sọ pé ìwọ̀n kan náà ni éfà tí wọ́n fi ń wọn ọkà àti báàtì tí wọ́n fi ń wọn òróró àti wáìnì. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n kọ báàtì sí lára ní Lákíṣì àti ní Tell Beit Mirsim nílẹ̀ Júdà àtijọ́, awalẹ̀pìtàn William F. Albright sì fi wọ́n ṣírò pé báàtì kan tó bíi lítà 22. Ṣùgbọ́n Josephus, òpìtàn Júù ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, kọ ọ́ pé báàtì kan jẹ́ sẹ́stáríọ́ọ̀sì 72, òṣùwọ̀n àwọn ará Róòmù, èyí tó sún mọ́ lítà 39. Ìdí nìyí tí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé nínú Bíbélì kan fi lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Èmi ń lo 22, torí pé inú ìkòkò àwọn ará Júdà fúnra wọn ló ti jáde, láti ayé àwọn ọba wọn, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí Josephus.

Yálà 22 lẹ lò tàbí 39, bí àwọn òṣùwọ̀n náà ṣe pín sínú ara wọn kì í yí padà. Ómérì jẹ́ ìdámẹ́wàá éfà, Ẹ́kísódù 16:36 ló sọ bẹ́ẹ̀. Éfà sì jẹ́ ìdámẹ́wàá hómérì. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ Òfin láàárín àwọn Júù, tún kọ́ wa pé séà mẹ́ta ló wà nínú éfà, kábù mẹ́fà sì ló wà nínú séà.

Ibi tí àwọn òǹkàwé ti ń ṣìnà jù ni ómérì àti hómérì. Ómérì kò ju lítà méjì àti díẹ̀ lọ. Hómérì tó lítà 220, ó ju dúrọ́ọ̀mù epo kan lọ. Mánà tí Ọlọ́run ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó lójúmọ́, ómérì kan ni. Nígbà tí àwọn èèyàn náà wá ń sunkún ẹran nínú Númérì 11, ẹni tí àparò tirẹ̀ kéré jù kó hómérì mẹ́wàá: ẹgbẹ̀rún kan ómérì, lítà 2,200. Ẹni tí ómérì kan tó jẹ lójúmọ́ lọ kó ẹgbẹ̀rún! Ẹni tó bá ka méjèèjì sí ohun kan náà kò ní rí ojúkòkòrò tó wà nínú ẹsẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣáájú ìbínú Ọlọ́run tó tẹ̀ lé e.

Aísáyà 5:10 náà ń bẹ níbẹ̀: irúgbìn hómérì kan yóò mú éfà kan wá. Àgbẹ̀ gbin lítà 220, ó kórè 22. Kò tilẹ̀ rí irúgbìn tó máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ká má tíì sọ ti oúnjẹ ilé.

Ámósì 8:5 bá àwọn oníṣòwò wí pé wọ́n ń dín éfà kù. Àwa tí a ti bá ẹni tó lu ìdí kóńgò wọnú pàdé lọ́jà mọ ohun tí wòlíì náà ń wí.

Ìtàn Samáríà nínú 2 Ọba ni mo fẹ́ kí ẹ fi ìṣirò yìí kà. Nígbà tí ogun Síríà dó ti ìlú náà, tí ìyàn sì mú gan-an, ìdá mẹ́rin kábù ìgbẹ́ àdàbà, tí kò ju agolo mílíìkì kékeré méjì lọ, di ṣékélì fàdákà márùn-ún. Ìdá mẹ́rin kábù mẹ́rìnlélógún ló wà nínú séà kan, nítorí náà séà ìgbẹ́ àdàbà kan á jẹ́ ṣékélì 120. Wòlíì Èlíṣà wá ní tó bá di ọ̀la, séà ìyẹ̀fun dáadáa, tó ju lítà méje lọ, yóò di ṣékélì kan ṣoṣo. Ìjòyè tí ọba fara tì gbọ́ iye yẹn, ó ní bí Olúwa tilẹ̀ ṣe fèrèsé sí ọ̀run, ǹjẹ́ nǹkan yìí lè rí bẹ́ẹ̀?