Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ Espirito Santo?

Ife-ẹ̀yẹ Espirito Santo ni ìdíje gọ́ọ̀fù àgbáyé fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí kò fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ gbà á, nílé ara wọn, lọ́dún 1964. Eléré mẹ́ta ní ń ṣojú orílẹ̀-èdè kan fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n iye ìgbá bọ́ọ̀lù àwọn méjì tó kéré jù lójúmọ́ nìkan ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹgbẹ́ tí àròpọ̀ rẹ̀ bá sì kéré jù ló borí. Ti ẹni kẹta kì í ṣe asán o: nígbà tí Sweden àti Amẹ́ríkà jọ ní 559 lọ́dún 2022, iye ẹni kẹta tí wọn kò rò pọ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn gan-an ni wọ́n fi ṣèdájọ́, Sweden sì gba ife.